Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Tú Bẹ́líìtì Ẹ̀rọ Mi

Ọdún tí ìjọba ní kí àwọn ará Gánà máa lọ sí ìlú wọn, tí wọ́n ń kó ẹrù sínú àwọn báàgì ńlá aláwọ̀ búlúù àti pupa yẹn, ọdún náà ni mo di ẹlẹ́rọ ìlọta. Èmi ò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà nínú ìwé, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ló lè ṣírò rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà ọyẹ́ ni, eyín iwájú Ráfíù àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, mo sì ń fún Rámọ́tù lọ́mú.

Obìnrin ará Gánà kan wà ládùúgbò wa ní Ẹ̀jìgbò, Akósúà lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìlọta kan nínú ṣẹ́ẹ̀dì onípáànù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àtilọ délẹ̀, kò sí bó ṣe lè gbé ẹ̀rọ gun mọ́tò. Ọkọ mi, Bàbá Ráfíù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé nígbà náà, ibẹ̀ ló ti ń tajà. Ó lọ ra ẹ̀rọ náà fún mi.

Mo ní, "Kí ni kí n fi irin tó ń pariwo báyìí ṣe?"

Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní o ò fẹ́ máa jókòó wo ọ̀nà Àbíjàn? Ó yá, ìwọ náà jókòó ti iṣẹ́ tìrẹ."

Akósúà fi ọjọ́ méjì kọ́ mi kó tó wọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo dísù wà lápá kan, ẹ̀rọ tó ń lọ nǹkan gan-an wà lápá kejì. Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni bẹ́líìtì, rọ́bà gígùn kan tó nípọn. Bí bẹ́líìtì ò bá sí, ẹ́ńjìnnì lè máa pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, ata kan ṣoṣo ò ní kúnná. Inú ẹ̀rọ ni irin pẹlẹbẹ méjì wà tí wọ́n ń họ ara wọn, eyín là ń pè wọ́n. Páìpù kan sì wà tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde síta, sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Akósúà ní gbogbo ìyẹn rọrùn, ohun tó le ni ètò.

"Gbígbẹ ló ń ṣáájú," ó ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó dà bíi pé ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu. "Funfun á tẹ̀ lé e. Pupa ló ń kẹ́yìn. Bí o bá gbàgbé, ọmọ ọlọ́mọ á sunkún."

Ohun tó ń wí ni pé èlùbọ́ ni kí n kọ́kọ́ lọ̀, kí àgbàdo ògì àti ẹ̀wà tẹ̀ lé e, kí n wá fi ata parí. Ọjọ́ kẹta tí mo dá dúró ni mo gbàgbé. Mo lọ ata tán, ẹnìkan gbé àgbàdo dé, èmi náà dà á sẹ́nu ẹ̀rọ láìfi omi ṣan inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni obìnrin tó ni àgbàdo náà gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ẹnu ọmọ pọ́n bí ìdí ọ̀bọ.

Ó ní, "Ìyá Ráfíù, ẹ gbọ́ igbe ọmọ yìí? Ògì yín ló ń bá a jà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo lọ àgbàdo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọmọ yẹn fi já lẹ́nu ọmú.

Ọ̀rọ̀ ògì ata yìí ló gbé Ìyá Débọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá Débọ̀ ni alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́rọ ìlọta, ẹ̀ka ti Ẹ̀jìgbò. Opó ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sanra, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo fún ọmọ lógì ata?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa. Gbogbo wa la ti ṣe é rí. Ọjọ́ Àìkú là ń ṣèpàdé ní ilé mi, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwa á ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin náà á ti kírun. Gbé àga rẹ dání o, àga ẹgbẹ́ ò tó."

Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Àwa mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta péré, ìyókù jẹ́ obìnrin. Bí ẹnìkan bá bímọ, ẹgbẹ́ á wá. Bí ẹnìkan bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹlòmíì á bá a ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ kí oníbàárà má baà lọ. Òfin sì wà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tiwa kì í gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá rúfin. Ìyá Débọ̀ ní bí a bá ń gba owó, àwọn tó lówó á rò pé àwọn lè ra òfin. Bẹ́líìtì ni wọ́n ń tú. Wọ́n á wá sí ilé ẹ̀rọ onítọ̀hún, wọ́n á yọ bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Débọ̀, wọ́n á fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán olóògbé ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ ọjà mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí Ìyá Débọ̀ á rí i, á sì bèèrè pé ti ta ni. Ìtìjú yẹn ń dunni ju owó lọ.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rin sí márùn-ún ni nǹkan wá le. Sáàpù ni wọ́n ń pè é nínú rédíò. A ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ohun tó ṣe fún wa la mọ̀. Dísù di ohun tí à ń wá kiri. Eyín ẹ̀rọ tí à ń pààrọ̀ nírọ̀rùn tẹ́lẹ̀ wá gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbé ògbólógbòó lọ fún alágbẹ̀dẹ pé kó bá wa gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ń gbé ata wá nínú bẹ́síìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá nínú abọ́. Àwọn tó ń gbé e nínú abọ́ ò wá mọ́. Láàárọ̀, bí mo bá jí tí mo gbọ́ ìró ọmọ ọlọ lórí òkúta ní ilé tó wà lẹ́yìn wa, àyà mi á já. Kò sí ìró tó ń ba ẹlẹ́rọ lẹ́rù tó ìyẹn.

Nínú ìpàdé ọjọ́ Àìkú kan ni Ìyá Débọ̀ sọ ọ́ jáde.

"Ẹ fetí sílẹ̀. Èmi ṣí ẹ̀rọ, abọ́ ata mẹ́ta. Ẹni tó wà níwájú mi ṣí ẹ̀rọ, abọ́ ata méjì. Àwa méjèèjì jó epo dànù. Ẹ jẹ́ ká pín ara wa ní méjì méjì. Lónìí kí ẹnìkan ṣí, kí ìkejì rẹ̀ tì. Lọ́la kí a yí i padà. Ẹni tó bá tì, kó lọ bá ẹni tó ṣí gba abọ́, kó bá a pọnmi. Ẹgbẹ́ á máa ra dísù ní dúrọ́ọ̀mù láti Òṣogbo, a ó pín in."

Bàbá Gàfárì, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà, tí ọ̀rọ̀ kì í tètè dùn mọ́ nínú, ní, "Bí ẹnìkan bá wá ṣí lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ńkọ́?"

"Bẹ́líìtì," ni Ìyá Débọ̀ wí. "Ìkejì rẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u."

Ìyá Kúdí ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi. Ilé ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní òpópónà tó wà lẹ́yìn tiwa, ó jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọjọ́ kìíní tí mo lọ bá a gba abọ́, ó wo bí mo ṣe ń da omi sí ẹ̀wà, ó ní, "Ṣé o fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni àbí o fẹ́ lọ̀ ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é, ọjọ́ kan tèmi, ọjọ́ kan tirẹ̀. Kò sí ọrọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tó kú nínú ẹ̀rọ mẹ́rìnlá. Ní àwọn ìlú míì tó yí wa ká, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ń fi ọkọ̀ kó ẹ̀rọ wọn lọ.

Ìgbà tí a ṣe é bí oṣù mẹ́ta ni obìnrin kan ti Àbíjàn dé, èyí tó ń fi bọ́ńjú kí gbogbo ilé bíi pé a ò gbọ́ ẹ káàárọ̀ mọ́. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Ráfíù, ẹ má wo ọ̀nà Bàbá Ráfíù lọ́dún yìí o. Ìsọ̀ rẹ̀ ti jóná. Ilé ọ̀rẹ́ ló ń sùn báyìí. Ó ní kí n má sọ fún yín, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ gbọ́."

Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Gbogbo ọdún ni Bàbá Ráfíù máa ń fi nǹkan ránṣẹ́, òun la fi ń ra ìwé, òun la fi ń ra aṣọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé ebi ò tíì pa wá lọ́jọ́ yẹn. Ìkòkò wà lórí iná. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Àìkú dé, mo gbé àga mi lọ sípàdé, Ìyá Kúdí ní, "Ìyá Ráfíù, ṣé kò sí wàhálà?" Mo ní, "Kò sí o, a dúpẹ́."

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, tó jẹ́ ọjọ́ Ìyá Kúdí, mo ń lọ bá a gba abọ́ ni mo pàdé Ìyá Alákàrà lọ́nà. Gáréèjì tí mọ́tò Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti ń kó èrò ló ti máa ń dín àkàrà, ó sì fẹ́ràn kó débẹ̀ kí àwọn dẹ́rẹ́bà tó dé. Ó wo bí èrò ṣe tò sí iwájú Ìyá Kúdí, ó ń mí kanlẹ̀. N kò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Ẹ má tò síbẹ̀. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé mi wọlé."

Ẹ̀rọ ìlọta kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jí lò. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Kúdí ń pariwo lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ilé wa, mo ní bí tèmi bá rọra pariwo, àwọn èèyàn á rò pé tirẹ̀ náà ni. Mo mú àpò ìdọ̀họ, mo rẹ wọ́n sómi, mo fi bo ẹnu sàlẹ́ńsà, mo ti ìlẹ̀kùn iwájú. Ẹ̀rọ ń hú ikọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí arúgbó. A lọ ẹ̀wà náà tán, mo sì lọ bá Ìyá Kúdí gba abọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn oníbàárà sì ti di márùn-ún. Àárọ̀ tí mo máa ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, mo fi àpò méjì kún àpò tó wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò rí ibi mí. Èéfín tó yẹ kó lọ síta yí padà, ó ń tú wọnú ilé. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èmi àti Ìyá Alákàrà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀wà tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ sì ti yí àwọ̀.

"Ìyá Ráfíù," ó ń wúkọ́, "ẹ wò ó, ẹ̀wà mi ti ń di èlùbọ́."

Mo ní, "Ẹ fi alùbọ́sà púpọ̀ sí i. Bó bá ti wọnú epo, àwọ̀ rẹ̀ á padà."

Ojú ń tì mí títí dòní nítorí èsì yẹn. Obìnrin náà gbà mí gbọ́, ó gbé e lọ. Bó ṣe jáde báyìí ni ẹ́ńjìnnì ké gán-ún, ó sì dákẹ́. Mo mú irin tí a fi ń yí i, mo gbìyànjú, kò yí. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, kò mì. Ooru ara rẹ̀ ń jó mi lójú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í.

Ní gáréèjì, wọ́n ní dẹ́rẹ́bà kan bu àkàrà jẹ, ó dá ẹnu dúró, ó wo Ìyá Alákàrà lójú. Ó ní, "Ìyá, kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n rọ ọ́ sí táńkì?" Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan bèèrè ibi tó ti lọ ẹ̀wà. Ìyá Alákàrà ò mọ irọ́ í pa, ó sọ.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, Ìyá Kúdí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Àlímọ̀tù," ó ní. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló pè. Kò pè mí ní Ìyá Ráfíù. "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo rò pé àwọn oníbàárà mi ti padà sídìí ọlọ òkúta ni. Mo ń bẹ Ọlọ́run nítorí wọn ní gbogbo ìrun tí mo kí. Àṣé ẹ̀yìnkùlé rẹ ni wọ́n wà."

Mo ń retí èébú. Kò bú mi. Ó yí padà, ó lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Láàárín ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra irin àlòkù ti wá yẹ ẹ̀rọ mi wò. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé kó máa gbé e lọ. Mi ò sọ fún ẹgbẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́, inú wọn á dùn. Ohun kan tún wà: ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Bí ẹ̀rọ yẹn bá lọ, ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn, èmi àti ọmọ mẹ́rin á wá wà láìní iṣẹ́, láìní ẹnì kankan.

Ọjọ́ Àìkú, wọ́n ò jókòó sílé Ìyá Débọ̀. Gbogbo wọn ló wá sílé ẹ̀rọ mi. Àwọn ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń wò. Ìyá Kúdí tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ ba, ó fẹ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kí bẹ́líìtì lè yọ. Kò yí. Ó tún un ṣe. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ wá wo nǹkan. Ẹ̀rọ yìí ti kú."

 Bàbá Gàfárì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọlọ́run ti bá wa dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ìyá Débọ̀ ní, "A ò tíì lọ. Ìyá Kúdí, yọ bẹ́líìtì náà bó ṣe wù kó rí. Òfin ni òfin. Ọjà mẹ́ta ló máa lò lórí ìṣó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjà mẹ́ta, bí mo bá dá bẹ́líìtì padà fún ọmọbìnrin yìí, kí ni yóò fi kọ́? Ṣé ọrùn ni?" Ó wá kọjú sí mi. "Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti ìsọ̀ tó jóná, mo sọ ti àwọn tó ń ra irin. Mo ń sọ ọ́, mo ń sunkún.

Ìyá Kúdí ti yọ bẹ́líìtì náà, ó dì í mọ́ apá. Ó ní, "Òfin ní kí ẹ̀rọ rẹ̀ sinmi. Kò ní kí òun alára sinmi. Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́la. Ọjọ́ tó bá jẹ́ tirẹ̀, kó fi ẹ̀rọ tèmi lọ nǹkan fún àwọn oníbàárà rẹ̀, kó gba owó rẹ̀."

"Ìwọ tí wọ́n jà lólè?" ni Bàbá Gàfárì wí.

"Èmi náà ni. Àbí ẹ̀yin ni wọ́n jà lólè, Bàbá Gàfárì?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́líìtì mi lọ, wọ́n fi kọ́ ìṣó.

Ọjọ́ kìíní tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ Ìyá Kúdí, mi ò lè gbójú sókè. Ìyá Alákàrà dé, ó yẹ gbogbo igun ilé wò, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Mò ń wò ó bóyá àpò wà níbí ni." Ìyá Kúdí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Lọ́sàn-án, ó ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó ti ìdajì sí iwájú mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé, ebi ò pa mí."

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o," ó ní. "Ṣùgbọ́n jẹun." Nígbà tí mo jẹun dé ààrin, ó ní, "Ìpàdé ọjọ́ yẹn, mo bi ẹ́ pé ṣé kò sí. O ní kò sí."

"Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

"Ojú tì ẹ́ láti sọ ọ́. Kò tì ẹ́ láti fi àpò bo sàlẹ́ńsà."



Mẹkáníìkì kan wà tó ń bá gbogbo ẹgbẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe. Ẹnjiníà là ń pè é, kò débi ilé ìwé rí, bíi tèmi. Ìyá Débọ̀ ní kó wá tú ẹ́ńjìnnì mi. Ó tú u, ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí àpò, ó ń mi orí. Písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ti jó, rín-ìn-gì rẹ̀ ti kán, gásíkẹ́ẹ̀tì ti fọ́. Ó ní Èkó ni tuntun wà, iye tí wọ́n sì ń tà á lánàá kọ́ ni wọ́n ń tà á lónìí. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n máa gbé irin yìí lọ.

Ìyá Débọ̀ ò dá a lóhùn. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó sọ nínú ìpàdé pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn pé, "Kò sí ẹlẹ́rọ tó ń ju irin nù. Mo mọ̀ yín. Kí olúkúlùkù lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Obìnrin kan láti Másífà di nọ́ọ̀tì sínú gèlè wá. Òmíràn gbé rín-ìn-gì tó ti lò rí, ó ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ẹnìkan mú páìpù epo wá, ẹlòmíì mú sàlẹ́ńsà. Ìyá Kúdí náà mú eyín ẹ̀rọ wá, ó jù ú sí iwájú mi, kò sọ nǹkan kan. Bàbá Gàfárì alára wá pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ abíyá. Ó ní, "Má fi àpò bo eléyìí o," ó sì lọ. Ó wá ku písítìn. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ẹ̀yìn ilé Ìyá Débọ̀, ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n fi tapólì bò. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín, òun ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlọta kó tó kú. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lọ́dọọdún ni Ìyá Débọ̀ máa ń fi gírísì pa á, tí yóò tún bò ó padà. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọwọ́ kàn án. Ó mú Ẹnjiníà lọ síbẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó ká tapólì náà kúrò. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà lórí fún ìgbà díẹ̀.

Ẹnjiníà ní, "Mà, ṣé ó dá yín lójú? Bí mo bá tú u, mi ò lè tò ó padà bó ṣe wà."

"Ọkọ mi ò sí nínú irin," ó ní. "Tú u."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí aṣọ mi má baà dọ̀tí.

Ọjọ́ tí ọjà mẹ́ta pé ni Ìyá Débọ̀ gbé bẹ́líìtì mi kúrò lórí ìṣó wá fún mi. Ọ̀sán ni. Ẹnjiníà to ẹ́ńjìnnì náà tán, ó yí i, ó tún un yí. Ìgbà kẹta ló mú. Ó kọ́kọ́ tú èéfín dúdú, ó wá gún, ohùn rẹ̀ kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ki jù ú lọ. Ìyá Kúdí ń lọ ata lọ́wọ́ ní òpópónà ẹ̀yìn. Bí ó ṣe gbọ́ tèmi, ó pa ẹ̀rọ tirẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé oníbàárà ní, "Ìyá Kúdí, ata mi ò tíì kúnná o," ó ní kí wọ́n dákẹ́, òun ń gbọ́ nǹkan.

Bàbá Ráfíù padà wálé ní ọdún kejì pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó bá ilé rẹ̀ níbi tó fi í sí, ó bá ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílé ìwé. Ó bi mí léèrè bí mo ṣe ṣe é. Mo mú un káàkiri ilé méje láti lọ dúpẹ́. Bàbá Gàfárì ní kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, òun ò mọ ohun tó ń sọ.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn ni mo ṣe títí eékún fi kọ̀ fún mi. Nígbà tí Ìyá Débọ̀ ti dàgbà jù, wọ́n fi Ìyá Kúdí ṣe alága, wọ́n fi èmi ṣe igbákejì. Mo ti bá wọn tú bẹ́líìtì ẹlòmíì rí. Lọ́jọ́ kejì, mo ń kọ́kọ́ lọ kí onítọ̀hún kí n tó ṣí ẹ̀rọ mi.

Ìgbà tí Ráfíù ti di wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ní Òṣogbo, àkókò tí iná mànàmáná ń dá iṣẹ́ wọn dúró tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó wálé lọ́jọ́ kan, ó rù. Mo bi í bí ẹgbẹ́ wọn ṣe ń ṣe sí. Ó ní òun ò lọ sípàdé mọ́ láti bí oṣù méjì, òun ò fẹ́ kí wọ́n rí òun báyìí. Àwọn àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, mo ní kí gbogbo wọn sún mọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnìkan nínú wọn.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà rí ọjọ́ tí wọ́n wá tú bẹ́líìtì mi, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ṣí ẹ̀rọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wà ṣáájú ìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n bi mí léèrè nípàdé tí mo ní kò sí. Ráfíù, lọ sípàdé lọ́sẹ̀ yìí. Jókòó síwájú, níbi tí wọ́n á ti rí bó o ṣe rù. Bí wọ́n bá bi ẹ́ pé ṣé kò sí, tó bá wà, sọ pé ó wà."